Iyùn, ṣẹ́gi àti lántànà àtijọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹni tó ń kó wọn jọ, tó sì ń wọ̀ wọ́n

Ìlẹ̀kẹ̀ tó ti pẹ́ lọ́rùn èèyàn kó tó dé ọwọ́ yín la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí: èyí tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, èyí tí ẹ rà lọ́jà, èyí tí ẹ bá nídìí àpótí. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣáájú ìyókù, òun nìyí: ẹ yé wo dídán. Inú ihò àti ara okùn ni kí ẹ máa wò.

Lọ́dọ̀ tiwa, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ pupa ni à ń pè ní iyùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni?

Rárá o. Iyùn kì í ṣe okúta, kì í sì í ṣe gíláàsì. Inú òkun ló ti ń hù bí ẹ̀ka igi. Ẹ̀dá kéékèèké inú omi ló ń kọ́ ọ. Wọ́n á gé e, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á sì dán an. Òkun Mẹditaréníà ni èyí tó wọ ilẹ̀ wa látijọ́ ti wá. Àwọn Potogí ló ń gbé e wá sí Ìbíní láti òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó yá, Torre del Greco, ìlú kan lẹ́bàá Naples ní Ítálì, di ojúkò gígé àti dídán iyùn, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú iyùn ńlá tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà ti wá.

Okúta ni lántànà. Pupa rẹ̀ dúdú ju ti iyùn lọ, ó sì le gan-an. Àwọn oníṣẹ́ Ìlọrin ló lórúkọ látijọ́ nídìí lílọ̀ ọ́ àti lílu ihò sí i. Gíláàsì ni ṣẹ́gi, aláwọ̀ aró. Ẹ ó tún máa gbọ́ orúkọ àkún, ṣùgbọ́n ohun tí ìlú kan ń pè bẹ́ẹ̀ lè máà jẹ́ ti ìlú kejì, nítorí náà ẹ ní kí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ fi ọwọ́ tọ́ka sí i.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe ike ni wọ́n tà fún mi?

Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ góòlù ń lò, èyí tó ń ka 0.01 gíráàmù. Ẹ tú ìlẹ̀kẹ̀ kan kúrò lára okùn, ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ife omi kékeré sórí òṣùwọ̀n yẹn, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń dá a padà sí 0. Ẹ fi òwú tín-ín-rín so ìlẹ̀kẹ̀ náà, kí ẹ rọra rì í títí omi á fi bò ó, ṣùgbọ́n kó má kan ìdí ife, kó má sì kan ẹ̀gbẹ́. Iye tí òṣùwọ̀n bá kà báyìí ni ẹ ó fi pín iye ti gbígbẹ.

Ẹ jẹ́ ká ní ó wọ̀n 6.70 gíráàmù ní gbígbẹ, òṣùwọ̀n sì ka 2.50 nígbà tó wà nínú omi. Ẹ fi 2.50 pín 6.70, ẹ ó rí 2.68. Iyùn nìyẹn, tàbí ohun tó wúwo bíi tirẹ̀: iyùn gidi máa ń wà láàárín 2.6 sí 2.7. Ike kì í sábà ju 1.5 lọ. Gíláàsì lásán wà ní nǹkan bíi 2.5, lántànà àti àwọn okúta ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bíi 2.6. Ìdánwò yìí á lé ike jáde láìṣiyèméjì, ṣùgbọ́n kò lè ya iyùn sọ́tọ̀ kúrò lára okúta. Ojú ló máa ṣe ìyẹn.

Ohun tó sábà ń ba ìṣirò náà jẹ́ ni afẹ́fẹ́ tó há sínú ihò. Á jẹ́ kí iye inú omi pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, iyùn gidi á wá jọ ohun tó fúyẹ́. Ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan sínú omi náà, kí ẹ sì mi ìlẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀ kí atẹ́gùn lè jáde. Bí ìlẹ̀kẹ̀ kan ò bá tó gíráàmù 1, ẹ wọ̀n márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣìṣe kékeré lórí ohun kékeré kì í kéré mọ́.

Ní ti ojú, ẹ ra awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Lára iyùn, ẹ ó rí àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìṣàn ara pákó, àti òbìrí-òbìrí lẹ́nu ihò bí èyí tó wà lára igi tí wọ́n gé. Okúta ò ní irú ìlà bẹ́ẹ̀. Gíláàsì máa ń ní èéfọ́ afẹ́fẹ́ nínú. Ike tí wọ́n dà sínú àwòṣe máa ń ní ojú ìpàdé, ìlà kan ṣoṣo tó gba àárín ìlẹ̀kẹ̀ kọjá láti ihò dé ihò.

Ẹnìkan ní kí n fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún un.

Ẹ má dá a lóhùn. Àpá á wà lára rẹ̀ títí ayé, ì báà jẹ́ ike, ì báà jẹ́ iyùn. Oríṣi ike àtijọ́ kan tún wà tó máa ń gbiná fòò bí iná bá kàn án.

Ó wúwo bíi iyùn, ó ní ìlà bíi iyùn, síbẹ̀ ara mi ò balẹ̀.

Ó lè jẹ́ pé wọ́n pa á láró. Oríṣi iyùn kan wà tó funfun tàbí tó rí bí eérú, tí kò wọ́n, tí wọ́n ń rẹ sínú aró pupa. Ìlà ara rẹ̀ nípọn, ẹ ó rí wọn láìlo awò. Ẹ fi òwú díẹ̀ ká ìdí igi ìṣáná, kí ẹ tì í bọ omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, kí ẹ sì fi nu inú ihò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí. Bí òwú náà bá pọ́n, aró ni. Inú ihò nìkan ni o. Bí wọ́n bá ti fi àtè dí ihò ara ìlẹ̀kẹ̀ náà, omi yìí lè tú u.

Èyí tí wọ́n lọ̀ bí ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n sì fi àtè mọ náà wà. Kò ní ìlà kankan, gbogbo rẹ̀ á sì pọ́n bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin okùn. Èyí gan-an ló yẹ kó mú yín fura. Okùn iyùn àtijọ́ kì í dọ́gba: ọ̀kan á pọ́n ju èkejì lọ, òmíràn á ní ojú kòtò níbi tí kòkòrò òkun ti jẹ ẹ́.

Ṣé òótọ́ ni pé Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ṣẹ́gi?

Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe gíláàsì ní Ifẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń yọ́ èyí tí àlejò gbé wá. Ní 2011 àti 2012, onímọ̀ ìwalẹ̀ Abídèmí Babátúndé Babalọlá wa ilẹ̀ ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, ó sì rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000 pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì tó lé ní 800. Gíláàsì náà ní èròjà tí a kò bá nínú ti Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá, ọjọ́ orí rẹ̀ sì wà láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ìyẹn ò wá sọ ṣẹ́gi ọwọ́ yín di ti Ifẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù rí i pé ó tà, wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ohun tí àwọn àgbà oníṣòwò máa ń kọ́kọ́ wò ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, aró ni àwọ̀ rẹ̀. Ẹ gbé e dojú kọ oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀: àwọ̀ ewé tàbí ìyeyè díẹ̀ á yọ. Èyí tó bá jẹ́ aró lọ́wọ́, tó tún jẹ́ aró lójú oòrùn, kì í ṣe irú tí wọ́n ń wá yẹn, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Kí ni ihò ìlẹ̀kẹ̀ fẹ́ sọ fún mi?

Púpọ̀ ju ẹni tó ń tà á lọ.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara okúta. Ìhà méjèèjì ni wọ́n ti ń lu lántànà àtijọ́ títí ihò méjèèjì á fi pàdé láàárín, nítorí náà ẹnu ihò á fẹ̀, àárín á há, nígbà mìíràn ihò méjèèjì ò tilẹ̀ ní gún ara wọn. Bí ẹ bá rí ihò tó gún rébété, tó dọ́gba, tó ń dán nínú, ẹ̀rọ ìgbàlódé ló lu ú.

Ní ti gíláàsì, ẹ wo ìlà àti èéfọ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tò bá ihò lọ gbọọrọ, ọ̀pá gíláàsì ni wọ́n fà gùn kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́. Bí wọ́n bá yí ihò ká, ńṣe ni wọ́n wé gíláàsì yíyọ́ mọ́ irin; iṣẹ́ àwọn Masagá, àwọn Nupe oníṣẹ́ gíláàsì ní Bídà, nìyẹn, ìgò tí wọ́n fọ́ ni wọ́n sì ń lò. Bí ara ìlẹ̀kẹ̀ bá rí ṣákaṣàka bí iyanrìn tó lẹ̀ mọ́ra, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àwọn Krobo ní Gánà: wọ́n á gún ìgò kúnná, wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú náà sínú àwòṣe amọ̀, wọ́n á sì ti igi ewé ẹ̀gẹ́ bọ àárín. Iná á jó igi náà, ihò á kù. Ìlẹ̀kẹ̀ tó níyì ni gbogbo wọn, kí ẹ sá ti mọ èyí tí ẹ ń sanwó fún.

Nǹkan kejì ni bí ẹnu ihò ṣe jẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ tó ti bá ẹlòmíràn fara kanra lórí okùn fún ọ̀pọ̀ ọdún á ti jẹ pẹlẹbẹ lẹ́nu, etí ihò á sì ti dán, kò ní gé ọwọ́ mọ́. Bí gbogbo ara rẹ̀ bá ti ṣá bí ohun àtijọ́ ṣùgbọ́n tí etí ihò ṣì mú bí abẹ, àfọwọ́fà ni: wọ́n ti fi iyanrìn ra á, tàbí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi tíì.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ nílé wa.

Ẹ jọ̀ọ́, kó dópin. Ohun tí èèpo ẹyin jẹ́ náà ni iyùn jẹ́. Ẹ ju èèpo ẹyin sínú fínígà kí ẹ wo bó ṣe ń hó: bẹ́ẹ̀ ni ọsàn wẹ́wẹ́ ń jẹ iyùn, díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń mọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nítorí pé ojú rẹ̀ ti ṣí. Nígbà tó bá gbẹ, á funfun, dídán á lọ, kò sì ní padà àfi bí wọ́n bá tún un dán, ìyẹn sì ni pé ó tún máa tín-ín-rín sí i.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ nìyí: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ìdajì lítà, ọṣẹ olómi tí kò le ẹ̀kán méjì, aṣọ rírọ̀. Ẹ rin aṣọ náà, ẹ fún un, ẹ fi nu ìlẹ̀kẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ẹ fi aṣọ tí ẹ rin sínú omi lásán nù ún. Ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi pẹ̀lú okùn lára. Omi inú ihò kì í tètè gbẹ, ibẹ̀ ni okùn ti ń jẹrà. Ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ ínura fún wákàtí 24. Ẹ má fi kọ́ ìṣó, nítorí okùn tútù máa ń fà.

Òróró ńkọ́? Ó máa ń jẹ́ kó pọ́n dáadáa.

Ó ń jẹ́ kó pọ́n lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tà á fi ń fi pa á. Òróró ń bo sísán àti ibi tó ti ṣá mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ fi aṣọ funfun nu ún dáadáa kí ẹ tó dúnàá dúrà. Bí tiyín bá ti ṣá nílé, ẹ̀kán kan lórí aṣọ tó, kí ẹ sì nù ún kúrò. Má jẹ́ kó dé okùn, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn.

Irú okùn wo ni kí n fi sín in?

Òwú lásán á jẹrà. Okùn ìpẹja á le, á gan lọ́rùn, á sì já lójijì láìfi àmì hàn. Wáyà ló burú jù: ó ń gé inú ihò iyùn bí ayùn. Ẹ lo okùn náílọ́ọ̀nù híhun, tó nípọn bíi mìlímítà 0.5 sí 0.8, èyí tó bá lè gba inú ihò kọjá ní ìṣẹ́po méjì.

Kí ẹ tó tú ti àtijọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ní títẹ́, kí ẹ ka iye rẹ̀. Ẹ ká aṣọ ínura ní ìkáwé kí ó ní ojú poro, kí ẹ to àwọn ìlẹ̀kẹ̀ sínú poro náà bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Fún okùn ọrùn tó máa gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, ẹ gé 200, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Ẹ máa ta kókó kan lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kókó yìí ni kì í jẹ́ kí iyùn máa lọ iyùn, òun náà ló sì ń mú kó jẹ́ pé, bí okùn bá já lágbo àríyá, ẹyọ kan ló máa bọ́, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Ẹ má fún un jù: bí ẹ bá gbé e sókè, kí ó lè tẹ̀, kí ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè yí nídìí kókó rẹ̀. Èyí tí wọ́n fún le koránkorán ló ń tètè já.

Lántànà ló máa ń gé okùn jù, nítorí etí ihò rẹ̀ mú. Ẹ wò ó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí okùn bá ti ń yọ irun lẹ́nu ihò, ẹ tún un sín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ ihò àtijọ́ kí okùn ńlá lè wọlé. Okùn àtijọ́ tí ẹ tú náà, ẹ fi sínú àpò ìwé pẹ̀lú fọ́tò yẹn.

Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ìgbéyàwó. Kí ni kí n ṣọ́ra fún?

Sẹ́ǹtì, páódà àti ìpara ṣáájú, ìlẹ̀kẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí sẹ́ǹtì gbẹ. Bí ẹ bá padà délé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò. Léèsì tó ní òkúta wínníwínní lọ́rùn máa ń ha iyùn, nítorí pé iyùn rọ̀. Aṣọ òkè ò ní wàhálà yẹn.

Ní ti títo okùn sọ́rùn, èyí tó kúrú kó wà lókè, èyí tó gùn kó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n má ṣe dúbúlẹ̀ lé ara wọn. Ère Ọọ̀ni tí wọ́n rí ní Ìta Yemòó, ní Ilé-Ifẹ̀, ní 1957 fi bí wọ́n ṣe ń tò ó hàn: oríṣiríṣi okùn ló wà lọ́rùn rẹ̀, gígùn wọn ò dọ́gba. Ẹ wò ó dáadáa bí ẹ bá rí fọ́tò rẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni ló lè wọ èyíkéyìí?

Iyùn ọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ síbi ìwúyè, ẹ bi ọmọ ìlú náà léèrè; ibòmíràn wà tó jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tàbí bí okùn ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń mọ olóyè. Ti òrìṣà yàtọ̀ pátápátá: ìdè Ifá, kẹ̀lẹ̀ Ṣàngó, sẹ̀sẹ̀ẹfun Ọbàtálá. Kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́jà fi ṣọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ òrìṣà ní Kúbà àti Brazil ṣì ń gba tiwọn lọ́wọ́ ẹni tó bí wọn nínú ẹ̀sìn, bí ẹ bá sì wọ̀ ọ́ níwájú wọn, wọ́n á béèrè ẹni tó fi sí yín lọ́rùn.

Màmá wa fi okùn kan ṣoṣo sílẹ̀, àwa mẹ́rin la wà. Ṣé ká pín in?

Bó bá ṣeé ṣe kí ẹ máa gbà á lò lọ́dọ̀ ara yín, ó sàn. Bí ó bá di dandan, ẹ má gé e sí mẹ́rin bí iṣu, torí ẹni tó gba àárín á kó gbogbo èyí tó tóbi lọ. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló kéré, àárín ló tóbi. Ẹ mú un ní méjì méjì láti etí méjèèjì wá sí àárín: méjì àkọ́kọ́ fún ẹnìkínní, méjì tó tẹ̀ lé e fún ẹnìkejì, títí yóò fi yí ká. Olúkúlùkù á ní kékeré, á ní ńlá. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá kù láàárín, ti àkọ́bí ni. Ìjà ò ní sí níbẹ̀.

Níbo ni kí n máa tọ́jú wọn sí?

Lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, nínú aṣọ òwú funfun. Iyùn tó bá bá lántànà gbé inú àpò kan náà máa gba ẹgbò, okúta le jù ú lọ. Kì í ṣe inú ọ̀rá tí wọ́n dè pa: ooru Èkó á mú omi jáde nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó dà bíi pé ó ń làágùn, àìsàn ara gíláàsì nìyẹn. Iyọ̀ inú rẹ̀ ló ń jáde. Ẹ yà á sọ́tọ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ fi àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

 

   

Ṣé mo lè ra èyí tí wọ́n wú nínú ilẹ̀, kí n sì gbé e jáde nílẹ̀ Nàìjíríà?

Ẹ má rà á. Àwọn awalẹ̀-tajà ti ba Igbó Olókun jẹ́ púpọ̀ kí àwọn onímọ̀ tó débẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tó bá sì ti kúrò nínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìtàn rẹ̀ ti sọnù. Òfin náà wà: ohun àtijọ́ kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ilé-Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí ti ìjọba àpapọ̀. Bí ti ìdílé yín ni ẹ ń gbé lọ, ẹ lọ bá wọn kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ náà àti fọ́tò àtijọ́ níbi tí ó ti wà lọ́rùn ẹni tó ni ín.

Kí ni kí n bi ẹni tó ń tà á?

Ọwọ́ ta ló ti rà á, ìlú wo ló ti wá, ṣé òun ló tún un sín, ṣé okùn àtijọ́ ṣì wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí ó jẹ́ kí ẹ gbé e jáde sí oòrùn. Ẹni tó bá ní àfi lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù òun, ẹ dá a padà fún un.